Mẹ́tàdínlógójì Tí Ọkọ Mi Dáhùn Lọ́jọ́ Iléyá

Èmi ni mo dójú ti ọkọ mi níwájú ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí mo bí fún un. Kì í ṣe pé inú ló bí mi lójijì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi múra sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín, torí ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan wà níbi kan báyìí tó ń ṣọ́ fóònù ọkọ rẹ̀ bí mo ṣe ṣọ́ ti ọkọ mi.

Chérifatou ni orúkọ mi. Iṣu ni mò ń tà ní Tchaourou, létí ọ̀nà tó lọ sí Parakou. Yacoub ọkọ mi ní oko kájú lọ́nà Tchatchou. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí a ti ṣègbéyàwó. Saïd àti Djamal ni àwọn ọmọkùnrin wa. Samira ni obìnrin, òun sì ni àbígbẹ̀yìn.

Yacoub kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ ẹ. Ìyẹn náà ni mo padà fi ń fura sí i.

Láti ọdún tó kọjá, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kírun tán, á gun alùpùpù rẹ̀, á ní òun ń lọ wo oko. Mi ò bi í léèrè. Àgbẹ̀ kì í ṣe kó má lọ sóko.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Mouftaou dúró ra iṣu lọ́wọ́ mi. Zém, alùpùpù akérò, ni Mouftaou ń wà, kò sí abúlé tí kì í gbé èrò dé.

"Tata, mo rí tonton, ọkọ yín, ní Kika lánàá."

"Kika? A ò ní oko ní Kika."

"Òun ni, tata. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú ilé kan. Ọmọbìnrin kan gbé oúnjẹ wá fún un. Papa ni ọmọ náà ń pè é."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣu rẹ̀ sínú àpò. "Ọmọ náà á tó bí ọdún mélòó?"

"Á tó bíi méjìdínlógún. Tata, iṣu mẹ́rin ni mo rà. Ẹ ti to méje."

Nígbà tí Yacoub jókòó jẹun lọ́jọ́ yẹn, mo bi í pé, "Oko ńkọ́ lánàá?"

"Oko wà dáadáa."

Kò wo ojú mi. Mo rí i pé kò wo ojú mi.

Láti ọjọ́ náà, ojú mi kò kúrò lára ọkùnrin yẹn. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ń wá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí. Bó bá dákẹ́, mo ń wá ẹni tó ń rò. Mo ń gbóòórùn aṣọ rẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, ó wà ní balùwẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Orúkọ tó jáde ni "Kika". Kika lásán, bí ẹni pé ìlú kan ló ń pè é. Mo gbé e.

"Papa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mama ní kí ẹ má gbàgbé oògùn òun."

Ohùn ọmọdébìnrin ni.

"Ta nìyẹn?" ni mo bi í.

Ó pa fóònù náà.

Nígbà tí Yacoub jáde, mo ní, "Fóònù yín dún. Ta ni ó wà ní Kika?"

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura. Ó nu ún pẹ́. "Oníkájú kan ni," ni ó wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oníkájú wo ló ń pe èèyàn ní papa?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí pagne tuntun kan, ìró obìnrin, tí wọ́n ká sábẹ́ àga alùpùpù rẹ̀, aláwọ̀ búlúù tó ní òdòdó funfun. Mo ń retí kí ó mú un wá fún mi. Ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó lọ, ó bọ̀, pagne kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ọkàn mi nígbà yẹn. Yacoub ní obìnrin ní Kika, ó sì ti bímọ fún un láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Ohun tó kù ni bí n ó ṣe mú un. Bí mo bá bi í, á ní oníkájú ni. Bí mo bá lọ sí Kika, wọ́n á fi ọmọ pamọ́ kí n tó dé.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí Waliath fi wá kí mi.

Waliath ni àkọ́bí Farid, àbúrò ọkọ mi. Ìṣirò ló ń kọ́ ní yunifásítì Parakou. Láti ìgbà tó ti wọlé síbẹ̀, a kì í jẹun ọdún mọ́ láì jẹ́ pé ó kó ìṣirò síwájú wa bí ẹni kó ayò síta. Á ní kí o mú iye kan sọ́kàn, á ní kí o ṣe báyìí, kí o ṣe bọ́ọ̀hún, lẹ́yìn náà á sọ oṣù tí wọ́n bí ọ. Nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, ó sọ ọjọ́ orí ìyá ọkọ mi, èyí tí ìyá náà ti ń fi pa mọ́ fún gbogbo wa. Ìyá pariwo pé, "Ọmọ yìí, ṣé àlùjànnú ni wọ́n fi ń ṣe tíṣà yín ní Parakou?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó dáa ju kí á máa sọ̀rọ̀ ẹni tó kú àti ẹni tó kọ ìyàwó lọ.

Lọ́jọ́ tó wá kí mi yẹn, ó ń bá mi to iṣu, ó ní òun ti rí tuntun tí òun máa mú wá síbi Iléyá.

"Ẹ mú iye àwọn ọmọ ìyá yín tó jẹ́ ọkùnrin, tata. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ fi mẹ́ta kún un. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún. Ẹ wá fi iye àwọn tó jẹ́ obìnrin kún un. Mélòó ló jẹ́?"

Mo ṣe é, mo ní mọ́kàndínláàádọ́ta. Kíá ló dá mi lóhùn: "Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́rin."

Bẹ́ẹ̀ ni a rí.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Mo yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò nínú èsì yín. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kù. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà, mẹ́ta tó ṣáájú ni ọkùnrin, mẹ́rin tó kẹ́yìn ni obìnrin. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkàn mi fò. "Ṣé a lè fi ṣe ti ọmọ tí èèyàn bí?"

"Ó ṣeé ṣe, tata."

"Bí onítọ̀hún bá fẹ́ purọ́ ńkọ́?"

Waliath rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń ṣírò lọ́kàn kì í ráyè purọ́. Kò sì mọ̀ pé ohun tí òun fi pamọ́ ṣì wà nínú èsì."

Ẹ̀yin èèyàn, gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu bí oyin. Mo ní, "Ti ọmọ ni kí o ṣe lọ́jọ́ Iléyá. Fi dá àwọn bàbá yín lára yá."

"Ah bon? Ṣebí gbogbo wa la mọ iye ọmọ tí kálukú bí. Kí ló máa wá dùn níbẹ̀?"

"Ìwọ ṣáà ṣe é fún mi."

"D'accord, tata."

Ọmọ náà kò mọ ohun tí mo fi ń rán an. Ìyẹn wà lára ohun tí mo ń kábàámọ̀ jù.

Lẹ́yìn tó lọ, mo fi iṣu ṣe é nílẹ̀. Ọmọkùnrin méjì, ìlọ́po méjì, ó di mẹ́rin. Mẹ́ta kún un, ó di méje. Ìlọ́po márùn-ún, ó di márùndínlógójì. Samira kan ṣoṣo kún un, ó di mẹ́rìndínlógójì. Bí Yacoub bá jẹ́ olóòótọ́, mẹ́rìndínlógójì ni yóò dáhùn. Mo há a sórí bí àdúrà.

Ọjọ́ Iléyá pé. Ilé ìyá ọkọ mi la ti ń jẹun, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n ti pa àgbò, iyán ti wálẹ̀, mo ti din wàgàsì, wàrà dídì, títí ó fi pọ́n. Èmi ni mo bu ẹran fún Yacoub, mo sì bu èyí tó dáa fún un. Ó ní, "O ṣeun, Ìyá Saïd." Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ wò ó, mo rẹ́rìn-ín sí i!

Nígbà tí àwọn ọmọ jẹun dé àárín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Tata Waliath, ìṣirò! Ìṣirò!"

Waliath wo ojú mi. Mo mi orí sí i.

Ó ní kí papa òun àti tonton Yacoub múra, kí wọ́n ṣe é lọ́kàn, kí ẹnì kankan má gbọ́. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún wọn díẹ̀díẹ̀: iye ọmọkùnrin tí wọ́n bí, ìlọ́po méjì, mẹ́ta kún un, ìlọ́po márùn-ún, iye ọmọbìnrin kún un. Farid ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Yacoub di ojú rẹ̀. Ẹ̀rín díẹ̀ wà ní ẹ̀bá ẹnu rẹ̀, irú èyí tí mi ò rí rí.

"Papa, mélòó?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta," ni Farid wí.

"Tonton ńkọ́?"

"Mẹ́tàdínlógójì."

Iyán tí mo ń gbé lọ sẹ́nu bọ́ sínú ọbẹ̀.

Waliath ti kọjú sí papa rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Papa, ọmọkùnrin mẹ́ta, ọmọbìnrin mẹ́sàn-án!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin mẹ́rin àti Waliath nìkan ni Farid bí. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ lé ìbàdí. "Farid, níbo lo kó àwọn mẹ́jọ yòókù sí?"

"Mo ṣì í! Ẹ gbà mí, mo ṣì í!"

Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, èmi àti Yacoub. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ náà ti fa iye ọmọ yọ láti inú èsì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí abọ́. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Waliath, fi tèmi sílẹ̀. Èmi náà ṣì í."

Mo wí lọ́kàn mi pé: mo mú ọ.

"Má fi í sílẹ̀," ni mo ní. "Kí ni ti tonton rẹ?"

Waliath ti ṣe é tán lọ́kàn rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. "Tata, ẹ jẹ́ ká ṣe ti ẹlòmíràn."

"Mo ní kí ni?"

"Méjìlélógún."

"Túmọ̀ ẹ̀ fún wa."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọkùnrin méjì. Obìnrin méjì."

Farid ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà fi ọ̀kan pamọ́!"

Mo dìde. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó fi ọ̀kan pamọ́. Yacoub, sọ orúkọ ọmọ rẹ tó wà ní Kika. Sọ ọ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Àbí kí n sọ bí o ṣe ń jókòó sábẹ́ máńgòrò, tí ọmọ náà ń gbé oúnjẹ wá fún ọ? Pagne aláwọ̀ búlúù yẹn ńkọ́, ṣé oníkájú ló ró o?"

Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, n kò sọ "ìwọ" sí i rí.  Djamal gbé ẹran sílẹ̀. Samira fa aṣọ mi: "Mama, ta ni papa fi pamọ́?"

 Yacoub fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́ omi, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ dìde.

"Jókòó, Yacoub."

Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Kò wo ọmọ rẹ̀, èmi ló ń wò.

"Chérifatou, kò sí obìnrin kankan ní Kika. Ọmọ rẹ ló kà. Ọmọ tìrẹ."

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín, torí èmi alára ti sin ín. Kí a tó kó wá sí Tchaourou, Kika la ti ṣoko iṣu. Ibẹ̀ ni mo ti lóyún àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, gìrì gbé mi, n kò mọ ohunkóhun mọ́. Ìgbà tí mo la ojú, ilé ìwòsàn ní Parakou ni mo wà, wọ́n ní ọjọ́ kọkànlá nìyẹn. Ìyá ọkọ mi fi aṣọ di ọmú mi torí wàrà tó ń ṣàn. Ó ní ọmọ náà kò mí nígbà tó jáde. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni mi ò bá ṣe? N kò rí i.

"Ó mí," ni ìyá náà wí lọ́jọ́ Iléyá yẹn. "Ó wà láàyè fún ọjọ́ mẹ́fà. Àdùkẹ́ agbẹ̀bí ló tọ́jú ẹ̀ ní Kika, Yacoub sì dúró tì í, nígbà tí a gbé ọ lọ sí Parakou. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Ẹ̀bùnolúwa nígbà yẹn, òun ló ń fún ọmọ rẹ lọ́mú pẹ̀lú tirẹ̀. Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀bùnolúwa fi ń pe Yacoub ní papa. Dókítà ní tí inú rẹ bá bàjẹ́, a lè pàdánù rẹ. Mo ní kí Yacoub dákẹ́ títí ara rẹ á fi le. Ara rẹ le, o tún lóyún Saïd. Mo tún ní kó dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò mọ ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bi mi ni."

Mo wo Yacoub. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹsẹ̀ Ìyá Àdùkẹ́ agbẹ̀bí wú láti ọdún tó kọjá, kò lè rìn. Mò ń mú oògùn lọ fún un. Òun ni mo ra pagne fún." Ó dìde. "Wọ́n ní ká ṣírò lọ́kàn, Ìyá Saïd. Ọkàn mi ni mo fi ṣe é. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa wà."

Ó jáde. Waliath bo ojú rẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tó pààyàn.

Yacoub kò padà wá sílé wa fún ogójì ọjọ́. Yàrá kan nínú ilé ìyá rẹ̀ ló ń sùn. Waliath kò gbé fóònù mi mọ́. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé ojú ọ̀nà ńlá: kó tó di ọjọ́ kẹta, oníbàárà kan bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọkọ mi ní ìyàwó ní Kika. Èyí tó burú jù ni ti Ẹ̀bùnolúwa. Ọkùnrin kan ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ láti fi ṣe ìyàwó, àwọn òbí onítọ̀hún gbọ́ pé àgbàlagbà kan ní Tchaourou ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dúró ná.

Mo ní kí Mouftaou gbé mi lọ sí Kika.  

Ìyá Àdùkẹ́ jókòó lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ró pagne búlúù olódòdó funfun. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀.

"Ìwọ ni Chérifatou. Iwájú orí rẹ ni ọmọ náà gbé wá."

Mo sunkún débi pé n kò lè sọ ohun tí mo wá sọ. Nígbà tí mo rí i sọ, Ẹ̀bùnolúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gbé fóònù lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí.

"Èmi ni, ọmọ mi. Dárí jì mí."

"Ẹ̀ bá ti bi mí, màá ti dá yín lóhùn. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi pa á."

Ó gbé garawa, ó lọ pọn omi. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò padà. Mo lọ sọ́dọ̀ ìdílé ọkùnrin yẹn fúnra mi, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì padà wá tọrọ rẹ̀ di òní tí mò ń sọ èyí.

Ẹ má bi mí pé ta ló jẹ̀bi jù nínú wa. Wọ́n fi ọmọ mi pa mọ́ fún mi fún ọdún méjìdínlógún, ó ń dùn mí. Láti ìgbà yẹn, bí ìyá ọkọ mi bá ní omi ti hó, n óò ṣí ìkòkò wò kí n tó gbà. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìbá ti tó fún mi, èmi ló wù pé kí n rí i kó ṣubú níwájú èèyàn. Ìwọ tí o ń ṣọ́ fóònù, bi í. Bi í ní ìkọ̀kọ̀, kí o sì fara mọ́ ohun tí o bá gbọ́.

Lọ́jọ́ tí Yacoub padà wá, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ sọ ọ́ fún mi. Gbogbo ẹ̀."

Kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kan nínú ọjọ́ mẹ́fà ọmọ náà ló ń sọ láàárọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ìdájí, kí àwọn ọmọ tó jí. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, ó ní ọmọ náà ké kíkan, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ kejì, ó ní ó di ìka òun mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó mu ọmú dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó la ojú. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, òun pe orúkọ sí i létí kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, torí òun rí i pé mímí rẹ̀ ti yàtọ̀. Rahimatou ni òun pè é.

Láàárọ̀ kẹfà, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo sún mọ́ ọn lórí ẹní, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó má sọ ìyẹn. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ ẹrù àkọ́kọ́ fi kọjá lójú ọ̀nà, tí Samira fi jí, tó ní ebi ń pa òun.